Náhúmù àti ogun tó fọ́ Nínéfè: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí àti èsì wọn

Orí mẹ́ta péré ni ìwé Náhúmù, ẹsẹ 47. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà dáadáa á parí rẹ̀ kí omi ẹ̀kọ tó hó. Síbẹ̀, nínú kíláàsì Bíbélì tí mò ń kọ́, kò sí ìwé kékeré tí ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ tó o. Àwọn tó ń padà wá lemọ́lemọ́ ni mo kó jọ síbí. Ọdún ayé àtijọ́ tí mo bá dá, bíi 701 tàbí 612, ṣáájú ìbí Kristi ni. Tiwa tòde òní á hàn fúnra rẹ̀.

Ta ni Náhúmù gan-an?

Gbólóhùn kan péré ni Bíbélì fi júwe rẹ̀: ará Élíkóṣì ni. Kò dárúkọ bàbá rẹ̀, kò dárúkọ ọba tó wà lórí oyè nígbà ayé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé Aísáyà àti ti Jeremáyà kò fo ìyẹn. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ Hébérù tó túmọ̀ sí ìtùnú. Ẹbí kan náà ni òun àti Nehemáyà àti Ménáhẹ́mù. Ẹ lè ní, ìtùnú wo ló wà nínú ìwé tí òkú àti ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ báyìí? Ẹ jẹ́ ká dé ìbéèrè kẹta ná.

Kí ni "ọ̀rọ̀-ìmọ̀" tí Bíbélì àtijọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà?

Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ni *massa*, láti inú ọ̀rọ̀ ìṣe tó túmọ̀ sí "gbé". Ó lè jẹ́ ẹrù tí èèyàn gbé rù, ó sì lè jẹ́ ohùn tí èèyàn gbé sókè. Àwọn wòlíì ń lò ó fún iṣẹ́ tó wúwo tí wọ́n gbà láti jẹ́ fún orílẹ̀-èdè kan: Aísáyà lò ó fún Bábílónì, fún Móábù, fún Íjíbítì. Náhúmù lò ó fún Nínéfè, olú-ìlú Ásíríà.

Kí ni Ásíríà ṣe fún Júdà tí ìbínú fi pọ̀ tó báyìí?

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí, torí ẹni tí kò bá mọ ohun tí Ásíríà ṣe, èébú lásán ni yóò gbọ́ lẹ́nu Náhúmù.

Ní nǹkan bí 722, Ásíríà fọ́ Samáríà, olú-ìlú Ísírẹ́lì ti àríwá. Wọ́n kó àwọn ọmọ ìlú lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì kó àjèjì wá gbé inú ilé wọn. Ní 701, Sennakéríbù ọba Ásíríà kọjú sí Júdà. Nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀, tí wọ́n fín sára amọ̀ sísun onígun mẹ́fà, ó ní òun gba ìlú olódi 46, òun kó èèyàn 200,150 jáde, òun sì sé Hesekáyà ọba Júdà mọ́ Jèrúsálẹ́mù bí ẹyẹ inú àgò. Àbùmọ́ lè wà nínú iye èèyàn yẹn. Ọba wo ló ń ka ìkógun rẹ̀ kéré? Ṣùgbọ́n lórí wúrà tí Hesekáyà san, àkọsílẹ̀ Ásíríà àti ìwé Àwọn Ọba Kejì bára mu, tálẹ́ńtì 30. Orí fàdákà ni wọ́n ti yapa: Bíbélì ní 300, Sennakéríbù ní 800.

Lákíṣì ni mo fẹ́ kí ẹ wò fínnífínní. Lẹ́yìn Jèrúsálẹ́mù, òun ló tún ṣe pàtàkì jù ní Júdà. Nígbà tí Sennakéríbù gbà á tán, ó ní kí àwọn agbẹ́kùúta gbẹ́ bí ogun náà ṣe lọ, ó sì fi òkúta yẹn bo ògiri yàrá kan yíká nínú ààfin rẹ̀ ní Nínéfè. Layard, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló hú u jáde ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. British Museum ní London ló wà báyìí, wọn kì í gba owó ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lè yà wò ó lọ́sàn-án Sátidé.

Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ óò rí òkè yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n mọ ti odi, àti ẹ̀rọ onígi tó ń gun òkè náà lọ kan odi. Àwọn ará ìlú ń ju iná lé e lórí láti òkè odi. Ní ìsàlẹ̀, obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, àpò ẹrù wọn wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń lọ sóko ẹrú. Ọkùnrin mẹ́ta wà lórí igi ṣóńṣó tí wọ́n fi gún wọn láyà. Àwọn kan wà nílẹ̀ tí wọ́n na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n ń bó awọ ara wọn. Ọba jókòó sórí ìtẹ́, ó ń wo ìkógun tó ń kọjá níwájú rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀tá ló gbẹ́ àwòrán yẹn láti fi ba Ásíríà lórúkọ jẹ́ o. Àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n fẹ́ kí àlejò tó bá wọ ààfin rí i, kó sì tètè padà sílé lọ wá ìṣákọ́lẹ̀ tó jẹ.

Nǹkan kan tún wà lára òkúta náà. Ojú Sennakéríbù ti fọ́, ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣá a, ara yòókù sì dá ṣáká. Ó jọ pé ọmọ ogun tó wọ Nínéfè ní 612, ọdún tí ìlú náà fọ́, ni, ó rí ojú ọba lára ògiri, inú bí i.

Nígbà tí yóò fi kan ìran Náhúmù, Mánásè ọba Júdà ti di ẹni tó ń sin Ásíríà. Orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ Esarhaddon àti ti Ashurbanipal, ọba Ásíríà méjèèjì, láàárín àwọn ọba tó ń ṣe ìfẹ́ wọn. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ìtàn ajẹ́lẹ̀, tó ń jẹ, tó ń mu, tó ń mú ewúrẹ́ àti ọmọbìnrin onílùú láìbéèrè, á mọ bí àjàgà tí Náhúmù dárúkọ ní 1:13 ṣe wúwo tó. Ibẹ̀ ni ìtùnú tó wà nínú orúkọ rẹ̀ wà: ẹnì kan sọ fún ẹni tó wà lábẹ́ àjàgà pé yóò ṣẹ́.

Ìgbà wo ló sọ àsọtẹ́lẹ̀ yìí? Àbí lẹ́yìn tí ìlú ti fọ́ tán ni wọ́n kọ ọ́?

Ìwé náà fúnra rẹ̀ fi àmì sílẹ̀. Ní 3:8 sí 10, ó bi Nínéfè léèrè pé ṣé o sàn ju No-Ámónì lọ ni? No-Ámónì ni ìlú Íjíbítì tí àwọn Gíríìkì ń pè ní Thebes, níbi tí Luxor wà lónìí. Omi yí i ká, Kúṣì àti Íjíbítì wà lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n kó o lẹ́rú, wọ́n ṣẹ́ kèké lé àwọn ọlọ́lá rẹ̀ lórí. Ta ló ṣe é? Ásíríà náà ni, lábẹ́ Ashurbanipal, ní 663. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Náhúmù kò lè ṣáájú 663.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní lẹ́yìn 612 ni wọ́n kọ ọ́, bí orin ìṣẹ́gun. Èmi ò gbà. Ẹni tó bá ń kọrin lẹ́yìn ogun á dárúkọ ẹni tó ja ogun náà. Náhúmù kò dárúkọ Bábílónì, kò dárúkọ àwọn ará Mídíà. "Ẹni tó ń fọ́ nǹkan túútúú" ni ó kàn pe ọ̀tá tó ń bọ̀ ní 2:1, ó parí. Bákan náà, No-Ámónì kò pẹ́ títí kó tó gbérí padà, torí náà àpẹẹrẹ yẹn á mú gan-an nígbà tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Lójú tèmi, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 663 ló sọ ọ́, nígbà tí kò sí ẹni tó lè ronú pé Ásíríà lè ṣubú.

Ta ló wá gbógun wọ Nínéfè, báwo ló sì ṣe lọ?

Wàláà amọ̀ kan láti Bábílónì ló sọ ọ́ fún wa, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n fi ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún sílẹ̀. Gadd, òṣìṣẹ́ British Museum, ló túmọ̀ rẹ̀ jáde ní 1923. Kó tó dìgbà yẹn, 606 ni ọ̀pọ̀ ìwé dá fún ìṣubú náà. Ẹ lè ṣì rí i nínú àwọn ìwé àlàyé Bíbélì tó ti gbó.

Ohun tí wàláà náà sọ rèé. Nabopolassar, ọba Bábílónì, ti dìde sí Ásíríà láti nǹkan bí 626. Ní 614, Cyaxares ọba Mídíà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè rẹ̀, ó fọ́ Ashur, ìlú tí òrìṣà Ásíríà fi ṣe ilé. Àwọn ará Bábílónì pẹ́ dé ojú ogun, ìlú ti fọ́ kí wọ́n tó dé. Níbẹ̀ náà ni ọba méjèèjì ti dá májẹ̀mú. Ní 612, tó jẹ́ ọdún kẹrìnlá Nabopolassar, wọ́n jọ dó ti Nínéfè láti oṣù Simanu títí dé oṣù Abu, ìyẹn nǹkan bí oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ tiwa. Oṣù mẹ́ta. Wọ́n wọlé, wọ́n kó ìkógun ìlú àti ti tẹ́ńpìlì, wọ́n sì sọ ìlú di òkìtì àti àlàpà. Sin-shar-ishkun ni ọba Ásíríà nígbà náà, wàláà sì ti fọ́ níbi tó yẹ ká ti ka ikú rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ bí Nínéfè ṣe tóbi tó ni oṣù mẹ́ta yẹn máa yà lẹ́nu. Odi rẹ̀ gùn ní nǹkan bíi kìlómítà 12 yíká. Sennakéríbù fa omi wá láti orí òkè, ó kọ́ afárá olókùúta sí Jerwan kí omi lè gba orí àfonífojì kọjá wá sínú ọgbà rẹ̀. Odò Khosr la àárín ìlú, Tígírísì sì wà lápá ìwọ̀ oòrùn. Ìlú ńlá ni, odi tó gùn tó bẹ́ẹ̀ sì ń fẹ́ èèyàn púpọ̀ tó máa dúró lórí rẹ̀.

Wọ́n ní odò ló wó odi ìlú, bí 2:6 ṣe wí. Ṣé òótọ́ ni?

Ìtàn yìí dùn ún wàásù, èmi náà ti wàásù rẹ̀ rí, kí n tó lọ wo ibi tó ti wá.

Diodorus, òpìtàn ará Sísílì, ló kọ ọ́, ó lé ní 500 ọdún lẹ́yìn tí ìlú ti fọ́. Ẹnu Ctesias ló ti gbà á, oníṣègùn ará Gíríìkì kan tó sin ọba Páṣíà. Ó ní àfọ̀ṣẹ kan wà pé Nínéfè kò ní fọ́ àyàfi tí odò bá di ọ̀tá rẹ̀. Ó di ọdún kẹta tí wọ́n ti dó ti ìlú, odò kún, ó gbé odi tó gùn tó 20 *stadia* lọ, ìyẹn lé ní kìlómítà mẹ́ta. Ọba bá kó wúrà àti àwọn obìnrin rẹ̀ jọ, ó tiná bọ ara rẹ̀ àti gbogbo wọn.

Wàyí o, Diodorus yìí náà ló fi Nínéfè sétí odò Yúfírétì. Etí Tígírísì ló wà! Ó ní ọdún mẹ́ta; wàláà Bábílónì ní oṣù mẹ́ta, kò sì mẹ́nu kan àkúnya omi rárá. Lẹ́yìn náà, ìgbà tí yìnyín orí òkè bá ń yọ́ ni Tígírísì máa ń kún, ní nǹkan bí oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún. Ní oṣù kẹjọ, omi ti fà.

Kí wá ni 2:6 ń sọ? Ó ní àwọn ilẹ̀kùn odò ṣí, ààfin sì yọ́. Ìlú tí odò kan là láàárín, tí ọba sì ti fi ìsédò àti ipa omi yí ká, kò níláti dúró de àgbàrá Nóà kí omi tó ṣe é léṣe. Ọ̀tá lè ṣí ibi tí wọ́n sé, wọ́n sì lè gba ẹnu ọ̀nà odò wọlé. Ọ̀rọ̀ Náhúmù gba gbogbo èyí. Kò sọ pé odi wó, kò dárúkọ àkúnya. Àwa la fi ti Diodorus kún un. Ẹ̀yin oníwàásù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn tó mì ti ẹsẹ tó dúró dáadáa lẹ́yìn.

Kí ni àwọn awalẹ̀pìtàn rí nílẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nǹkan, iná ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀: eérú, òkúta ààfin tó ti jóná. (Nínú iná yẹn náà ni ilé ìkówèésí Ashurbanipal wà. Nǹkan bí 30,000 wàláà àti àfọ́kù rẹ̀ ni wọ́n ti kó jáde.)

Ẹnubodè Halzi ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Láti 1987 ni Stronach àti àwọn èèyàn rẹ̀ láti yunifásítì California ní Berkeley ti ń wa Nínéfè, kí ogun Gulf tó dá wọn dúró. Ní ẹnubodè yẹn, wọ́n rí i pé àwọn ará ìlú ti mọ ògiri dí apá kan ọ̀nà kó lè há, kí ọ̀tá má lè rọ́ wọlé. Lórí òkúta ojú ọ̀nà tó há yìí, egungun èèyàn wà nílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣubú, ọ̀kan lé orí ìkejì, ẹnu ọfà wà láàárín egungun. Ọmọdé wà nínú wọn. Kò sẹ́ni tó padà wá sin wọ́n.

Ẹ wá ka 3:3: òkú jọ rẹpẹtẹ, wọn ò lóǹkà, wọ́n ń kọsẹ̀ lára òkú.

Pásítọ̀ kan ní mọ́tò ni 2:4 ń sọ: kẹ̀kẹ́ tó ń sáré bíi mànàmáná ní ìgboro, tó ń kọlu ara wọn, tí ojú wọn dà bí iná. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Rárá o. Kẹ̀kẹ́ ogun tí ẹṣin ń fà ni. Ẹṣin gan-an wà ní 3:2. Irin ara kẹ̀kẹ́ ló ń kọ mọ̀nà nínú oòrùn. Ó ti pẹ́ táwọn kan ti ń túmọ̀ ẹsẹ yìí sí mọ́tò, láti ìgbà tí mọ́tò ti dé ayé ni. Ẹni tó bá sì ti jókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó láti aago márùn-ún di mẹ́sàn-án alẹ́ mọ̀ pé ti mànàmáná yẹn kọ́ ni.

Ogun Iráákì ti 2003 ńkọ́?

Òun náà kọ́. Nínéfè tí Náhúmù ń bá wí fọ́ ní 612.

Kí ló dé tí Náhúmù fi ń fi kìnnìún ṣẹ̀fẹ̀?

Torí pé kìnnìún ni oríkì ọba Ásíríà. Wọ́n ń pe ara wọn ní kìnnìún nínú àkọsílẹ̀ wọn, èdìdì ọba sì ni àwòrán ọba tó ń fi ọ̀bẹ gún kìnnìún. Ashurbanipal fi àwòrán ọdẹ kìnnìún kún ògiri ààfin rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀: wọ́n ṣí kìnnìún kúrò nínú àgò, ọba ta á lọ́fà, abo kìnnìún kan wà níbẹ̀ tí ọfà ti wọ̀ lẹ́yìn, tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ lọ, tó ṣì ń bú.

Náhúmù mú oríkì yẹn, ó yí i po. Ní 2:11, ó béèrè pé ibùba kìnnìún dà? Níbo ni akọ kìnnìún ti ń rìn, tí ẹnì kankan kò dẹ́rù bà á, tó ń fa ẹran ya fún àwọn ọmọ rẹ̀, tó fi ìjẹ kún ihò rẹ̀? Ẹ mọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe orin òwe. Èèyàn á mú ohun tí ẹnì kejì fi ń yangàn gan-an, á fi kọrin sí i létí, tí gbogbo àdúgbò á fi máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí Náhúmù ṣe nìyẹn. Ará Júdà tó ń gbọ́ ọ mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí láìjẹ́ pé wọ́n dárúkọ rẹ̀.

Ṣé ewì ni ìwé náà lédè Hébérù? Ó máa ń dún bí ewì nígbà míì.

Ewì paraku ni. Ní orí kìíní, láti ẹsẹ 2, ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù, ó dé ìdajì, ó dáwọ́ dúró. Ìró ló mọ̀ jù. Ní 2:10, ohun tó sọ nípa ìlú tí wọ́n kó tán ni *buqah umevuqah umevullaqah*. Ẹ pè é sókè. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó jọra, tó ń gùn sí i, bí ẹni ń gbọn àgbá òfìfo. Tó bá jẹ́ èmi, màá ní: ó dòfo, ó dòfìfo, ó dahoro, àmọ́ kò tíì tó o.

Orí 3:2 kò ní ọ̀rọ̀ ìṣe tó dúró. Ariwo ni: ìró pàṣán, ìró àgbá kẹ̀kẹ́, ẹṣin ń já sáré, kẹ̀kẹ́ ogun ń fò sókè. Ogun wọ inú ìlú kí òǹkàwé tó mí.

Ìyá àgbà kan nínú kíláàsì wa béèrè pé: ṣé àwọn ọmọ Nínéfè kò níyàá ni?

Ó béèrè ní ọjọ́ tí a ka 3:5 àti 6, níbi tí Ọlọ́run ti ní òun yóò ká aṣọ Nínéfè sókè lójú gbogbo ayé bí aṣẹ́wó, òun yóò sì da ẹ̀gbin lù ú. Kò sẹ́ni tó fèsì. Èmi náà kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún un lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e rèé. Lédè Hébérù, obìnrin ni ìlú. Aṣọ obìnrin tí wọ́n ká sókè, ohun tí ọmọ ogun ń ṣe fún ìgbèkùn ni, Ásíríà sì ṣe é fún ọ̀pọ̀. Náhúmù dá oògùn náà padà fún ẹni tó pò ó. Àlàyé nìyẹn, kò mú kí ẹsẹ náà dùn ún kà. Ní 3:10, nígbà tó ń ròyìn No-Ámónì, ó ní wọ́n fọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní gbogbo oríta. Ó mọ̀ pé ọmọdé ló ń jìyà nígbà tí ìlú bá fọ́, ó sì tún ní tìrẹ náà ń bọ̀. Ìyá àgbà náà dáhùn, wọ́n ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò ní lè ṣe àmín sí i." Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Jónà náà lọ sí Nínéfè, Ọlọ́run sì dárí jì wọ́n. Èwo la fẹ́ gbà?

Méjèèjì wà nínú ìwé kan náà, láàárín àwọn wòlíì kékeré 12. Míkà nìkan ló là wọ́n láàárín. Ìwé Àwọn Ọba Kejì 14:25 fi Jónà ọmọ Ámítáì sí ìgbà Jèróbóámù kejì, ìyẹn ọ̀rúndún kẹjọ, ṣáájú kí Samáríà tó fọ́. Ti Náhúmù tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè ni ìwé méjèèjì fi parí. Ti Jónà béèrè pé ṣé kí n má ṣàánú Nínéfè, ìlú ńlá tí èèyàn tó lé ní 120,000 wà nínú rẹ̀, àti ọ̀pọ̀ ẹran ọ̀sìn? Ti Náhúmù béèrè pé ta ni ìwà ibi rẹ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ìyá àgbà yẹn, ti Jónà ni wọ́n fẹ́ràn.

Kí ló dé tí nọ́ńbà ẹsẹ inú Bíbélì kan fi yàtọ̀ sí òmíràn?

Ẹsẹ tó sọ nípa ẹsẹ̀ ẹni tó ń mú ìròyìn ayọ̀ bọ̀ lórí òkè ni 1:15 nínú Bíbélì Yorùbá, òun ni 2:1 nínú ti Hébérù. Láti ibẹ̀ ni gbogbo orí kejì ti fi ẹyọ kan yàtọ̀. Bíbélì Yorùbá ni mo ń tọ́ka sí lójú ìwé yìí.

Báwo ni àwọn Júù tó wá lẹ́yìn ṣe ka ìwé náà nígbà tí Nínéfè kò sí mọ́?

Wọ́n fi ń bá ọ̀tá tuntun wí. Láàárín àwọn ìwé kíká tí wọ́n rí nínú ihò kẹrin ní Qumran, létí Òkun Òkú, àlàyé Náhúmù kan wà níbẹ̀. Ó mú ẹsẹ kìnnìún tẹ́ ẹ ti kà lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọ̀rọ̀ Demetrius ọba Gíríìkì ló wà níbẹ̀, tó fẹ́ wọ Jèrúsálẹ́mù, àti ti "Kìnnìún Ìbínú" tó gbé èèyàn kọ́ láàyè. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé Alexander Jannaeus ni kìnnìún yẹn, ọba Júù fúnra rẹ̀, tí Josephus, òpìtàn Júù, ní ó kan èèyàn bí 800 mọ́ igi ní Jèrúsálẹ́mù. Ẹ wò ó bí ayé ṣe yí: oríkì ọba Ásíríà ti bọ́ sórí ọba Júù.

Níbo ni Nínéfè wà lónìí? Ibojì Náhúmù ńkọ́?

Nínéfè wà ní òdìkejì Tígírísì sí àárín ìlú Mosul àtijọ́, ní àríwá Iráákì. Mosul ti gbòòrò débi pé ilé ti wọnú odi àtijọ́. Òkè méjì ló wà níbẹ̀, Kuyunjik àti Nebi Yunus. Orúkọ ìkejì túmọ̀ sí Wòlíì Jónà. Mọ́sálásí Jónà tó wà lórí rẹ̀ ni ISIS fi bọ́ǹbù wó ní oṣù keje 2014. Ní 2022, àwọn ará Iráákì àti ẹgbẹ́ kan láti yunifásítì Pennsylvania ń tún ẹnubodè Mashki ṣe, èyí tí ISIS ti fọ́, ni wọ́n bá rí òkúta gbígbẹ́ láti ìgbà Sennakéríbù nílẹ̀, àwòrán ogun ló wà lára wọn.

Ní ti ibojì, Alqosh ni wọ́n ń fi hàn, ìlú Kristẹni kan ní àríwá Mosul. Àwọn Júù Iráákì máa ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún títí wọ́n fi kó kúrò ní orílẹ̀-èdè náà ní nǹkan bí 1950 sí 1951. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ lé ìdílé Kristẹni kan lọ́wọ́, ìran wọn sì ń tọ́jú ibẹ̀. Jerome, ọ̀mọ̀wé Bíbélì ayé àtijọ́, ní tirẹ̀, ní Gálílì ni Élíkóṣì wà.

Ìlú ńlá yìí tètè di ohun ìgbàgbé. Ní 401, Xenophon àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gíríìkì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi ńlá kan tó dá wà. Ó kọ ọ́ pé Mespila ni wọ́n ń pè é, pé ìlú àwọn ará Mídíà ni. Kò dárúkọ Ásíríà. Ọdún 211 péré ló wà láàárín.

Náhúmù 1:15 ṣèlérí pé ẹni ibi kò ní la Júdà kọjá mọ́. Ṣé Júdà wá sinmi lẹ́yìn 612?

Ọdún mẹ́ta. Ní 609, Nékò ọba Íjíbítì gba ilẹ̀ Júdà kọjá lọ ran ìyókù Ásíríà lọ́wọ́ ní apá Háránì. Jòsáyà ọba Júdà jáde lọ pàdé rẹ̀ ní Mẹ́gídò, wọ́n pa á. Ní 605, Nebukadinésárì ọmọ Nabopolassar lu Íjíbítì ní Kákémíṣì, Júdà sì bọ́ sábẹ́ Bábílónì. Ní 597, wọ́n kó ọba Júdà àti àwọn ọlọ́lá rẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí 586, Jèrúsálẹ́mù jóná.

Àwọn tó tú Nínéfè náà ni, ará Bábílónì tí Bíbélì tún ń pè ní ará Kálídíà. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní ojú ewé tí Náhúmù parí sí, Hábákúkù ló kàn, ẹ̀dùn rẹ̀ sì nìyẹn: Olúwa, àwọn ará Kálídíà yìí náà kẹ̀?